Odidi Ọ̀rọ̀ ni ti Ìwé: Ipò Ìwé Kíkọ nínú Iṣẹ́ Onímọ̀ Ẹ̀rọ àti Sáyẹ́ǹsì, pẹ̀lú Àpẹẹrẹ láti Modákẹ́kẹ́

1. Ìfáárà

Èrò kan gbilẹ̀ láàárín àwọn tí ó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, iṣẹ́ ìlera, iṣẹ́ ọ̀gbìn ìgbàlódé àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì pé ti akọ̀wé ni ìwé kíkọ, kì í ṣe tiwọn. Bí afárá bá dúró, bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, bí oògùn bá wo àìsàn, wọn a ní kí ni ó tún kù? Àwọn tí ó kọ́ èdè náà kò ṣàì ní èrò tiwọn. Lójú ọ̀pọ̀ wọn, ti òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ, eré-onítàn àti ewì ni ìwé kíkọ tí ó dára. Ìwé tí ẹnjiníà tàbí nọ́ọ̀sì bá kọ kò sí lára ohun tí ó yẹ kí ẹ̀ka ìmọ̀ èdè máa yẹ̀ wò.

Èrò méjèèjì ni àpilẹ̀kọ yìí tako. Kókó rẹ̀ ni pé apá kan iṣẹ́ onímọ̀ gan-an ni ìwé kíkọ jẹ́. Pé ibẹ̀ ni a ti ń mọ̀ bóyá ohun tí onímọ̀ ní òun mọ̀ yé e délẹ̀. Àti pé níbi tí ìwé bá ti kùnà, ẹni tí kò kọ ọ́ ni ó sábà máa ń jìyà rẹ̀. A kò ní láti lọ jìnnà kí a tó rí àpẹẹrẹ. Ní Modákẹ́kẹ́, láàárín ọdún 1970 sí 1975, iṣẹ́ ìwádìí kan wáyé tí ó mú kí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò jókòó láti kọ ohun tí wọ́n mọ̀ sílẹ̀ ní èdè Yorùbá fún àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ lórí èdè ìkọ́ni ni a sábà máa ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà. Ojú tí àpilẹ̀kọ yìí fi wò ó yàtọ̀ díẹ̀: ó wò ó gẹ́gẹ́ bí ìdánwò ìwé kíkọ fún onímọ̀.

2. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ àti odidi ọ̀rọ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ a di odidi. Òwe yìí bá àwùjọ tí a ti ń sọ̀rọ̀ lójúkojú mu. Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tí ń gbọ́ ọ jọ mọ ìdí ọ̀rọ̀. Wọ́n ń rí ojú ara wọn. Bí ọ̀rọ̀ kò bá sì yé èkejì, yóò béèrè.

Báyìí náà ni iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ Yorùbá ṣe ń ti ọwọ́ ọ̀gá bọ́ sí ọwọ́ ọmọ-iṣẹ́. Aláró kì í kọ ọ́ sílẹ̀ bí aró yóò ṣe pẹ́ tó nínú ìkòkò. Ọmọ-iṣẹ́ a máa wo àwọ̀ rẹ̀, a máa gbọ́ òórùn rẹ̀, títí ojú àti imú rẹ̀ yóò fi mọ ìgbà tí ó tó. Alágbẹ̀dẹ kì í fi nọ́ńbà sọ bí irin ṣe gbọ́dọ̀ gbóná tó kí a tó lù ú. Pípọ́n irin nínú iná ni ó fi ń han ọmọ tí ń fín ewìrì. Ìmọ̀ wọ̀nyí jinlẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá àti ọmọ-iṣẹ́ wà nínú ahéré kan náà. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ tó wọn.

Níbi tí olùgbọ́ kò bá sí nítòsí, àwọn Yorùbá mọ̀ pé ọ̀ràn yí padà. Èyí ni ó fa àrokò. Owó ẹyọ méjì tí a so ní ojú kojú ń sọ ti ìrẹ́pọ̀. Bí a bá so méjì kan náà ní ẹ̀yìn kẹ̀yìn, ìjà tàbí ìyapa ni. Owó ẹyọ mẹ́fà ń sọ pé ọkàn ẹni tí ó rán an fà sí ẹni tí a rán an sí, nítorí pé ìró “fà” wà nínú ẹ̀fà. Mẹ́jọ ń sọ pé ọ̀rọ̀ wọn jọ, nítorí ẹ̀jọ. Ohun méjì ni ó hàn nínú àṣà yìí. Èkíní, bí ọwọ́ ẹni tí ó di àrokò bá ṣì í díẹ̀, ìtumọ̀ lè dojú dé. Èkejì, àrokò kò lè ṣiṣẹ́ àyàfi bí ẹni tí ó dì í bá ti ronú nípa ohun tí ẹni tí yóò gbà á mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìwé onímọ̀ jọ àrokò ní ti pé ẹni tí yóò lò ó kò sí níwájú ẹni tí ó kọ ọ́. Ó sì le ju àrokò lọ, nítorí pé kò sí ẹ̀kọ́ tí àwọn méjèèjì jọ kọ́. Àgbẹ̀ oníkòkó ní abúlé kan lẹ́yìn Modákẹ́kẹ́ tí ó ra oògùn olómi tí a ó fi wọ́n kòkó, kí èso má baà dúdú kí ó sì jẹrà, kò lè pe ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀ ara ike náà kí ó bi í pé, “Omi mélòó ni kí n fi là á?” Bí kò bá sí ìdáhùn lára ike, yóò fojú bù ú. Bí ó bá dín, àrùn kò ní lọ. Bí ó bá pọ̀ jù, owó rẹ̀ ṣòfò, ara rẹ̀ àti odò tí ó ń pọn sì wà nínú ewu. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, àbọ̀ ọ̀rọ̀ kì í di odidi. Ohun tí òǹkọ̀wé bá fi sílẹ̀ láìsọ, òǹkàwé yóò fi àbá dí i.

3. Iṣẹ́ ìwádìí Modákẹ́kẹ́

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1970, Institute of Education ti Yunifásítì Ifẹ̀, èyí tí a sọ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé-ìwé St. Stephen’s “A” ní Modákẹ́kẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ni ó ṣe aṣáájú rẹ̀, àjọ Ford Foundation ti Amẹ́ríkà sì fi owó ràn án lọ́wọ́. Ní àkókò náà, èdè Yorùbá ni a fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, èdè Òyìnbó ni a sì ń yí sí ní ọdún mẹ́ta tí ó kẹ́yìn. Ohun tí iṣẹ́ náà fẹ́ mọ̀ ni ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, tí èdè Òyìnbó fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan tí olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa ń kọ́ wọn. A fi àwọn ọmọ wọ̀nyí wé kíláàsì mìíràn tí ó tẹ̀ lé ètò àtijọ́. Ní 1973, a tan iṣẹ́ náà dé ilé-ìwé mẹ́wàá mìíràn.

Àbájáde rẹ̀ wà nínú ìwé Education in Mother Tongue tí Fáfúnwá, Macauley àti Ṣókòyà ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1989. Àwọn ọmọ tí ó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́fà ṣe dáadáa nínú ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ. Wọn kò sì rẹ̀yìn nínú èdè Òyìnbó. Èyí ni apá tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀.

Apá tí a kì í sábà mẹ́nu bà ni pé nígbà tí a fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kò sí ìwé. Ìwé kíkà Yorùbá wà, ìtàn wà, ṣùgbọ́n ìwé tí yóò fi Yorùbá ṣàlàyé sáyẹ́ǹsì láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà kò sí. A ní láti kọ wọ́n, pẹ̀lú ìwé atọ́nà fún olùkọ́. Kò sí ẹni kan ṣoṣo tí ó lè dá iṣẹ́ náà ṣe. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mọ ohun tí ó fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n èdè Òyìnbó ni ó fi kọ́ ọ. Onímọ̀ èdè mọ bí Yorùbá ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ìdí tí omi fi ń hó. Olùkọ́ kíláàsì mọ ohun tí ọmọ ọdún mẹ́jọ lè gbà sí etí. Nígbà tí irú àwọn wọ̀nyí bá pàdé lórí ojú-ìwé kan, ìbéèrè tí kì í dìde nínú ìwé Òyìnbó a bẹ̀rẹ̀ sí í dìde.

4. Ohun tí kíkọ sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá ń tú síta

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ nípa ooru. Ẹni tí ó kọ́ físíìsì mọ ọ̀rọ̀ Òyìnbó méjì, ọ̀kan fún ooru tí ohun kan ní, ọ̀kan fún ìwọ̀n ìgbóná rẹ̀. Ó lè lo ọ̀rọ̀ méjèèjì nínú ìdánwò kí ó sì yege láìjẹ́ pé ìyàtọ̀ wọn yé e délẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ń bò ó láṣìírí. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ kọ ọ́ ní Yorùbá fún ọmọ Modákẹ́kẹ́, kò sí ibi tí yóò sá pa mọ́ sí. Ó ní láti sọ ọ́ báyìí: omi ń hó nínú ìkòkò ńlá, a bu ife kan nínú rẹ̀, ní ìṣẹ́jú tí a bù ú, omi inú ife àti omi inú ìkòkò gbóná bákan náà, síbẹ̀, ooru tí ó wà nínú ìkòkò pọ̀ fíìfíì ju ti inú ife lọ, ìdí sì nìyí tí ife yóò fi tutù kí ìkòkò tó tutù. Ẹni tí ó lè kọ gbólóhùn yìí mọ ohun tí ó ń sọ. Ẹni tí kò bá lè kọ ọ́, a ti rí ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ dúró sí.

“Agbára” tún jẹ́ àpẹẹrẹ mìíràn. Nínú Yorùbá ojoojúmọ́, agbára lè jẹ́ okun ara, ó lè jẹ́ àṣẹ ọba, ó lè jẹ́ ohun tí ń mú ọkọ̀ sáré. Onímọ̀ físíìsì nílò láti ya ohun tí ń ti nǹkan tàbí tí ń fa nǹkan sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí nǹkan ní nínú tí ó fi lè ṣe iṣẹ́, kí ó sì ya àwọn méjèèjì kúrò lára bí iṣẹ́ náà ṣe ń yá tó. Bí ó bá pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní agbára, ọmọ yóò dàrú. Bí ó bá yan “ipá” fún ti àkọ́kọ́, ó gbọ́dọ̀ dúró tì í láti ojú-ìwé kìíní dé èyí tí ó gbẹ̀yìn.

Ibí yìí ni ìwé onímọ̀ ti yàtọ̀ gédégédé sí ìwé lítíréṣọ̀. Akéwì a máa wá ọ̀rọ̀ mìíràn fún ohun kan náà kí ewì má baà sú ni. Òun ni a fi ń mọ ọlọ́rọ̀. Bí onímọ̀ ẹ̀rọ bá pe ohun kan ní “ìdérí” ní ìlà kìíní, tí ó pè é ní “ọmọrí” ní ìlà kẹta, tí ó tún pè é ní “ìbòrí” ní ìlà kẹfà, ẹni tí ń tún ẹ̀rọ ṣe yóò máa wá ohun mẹ́ta. Ohun kan, orúkọ kan: òfin yìí kò dùn mọ́ni létí, ṣùgbọ́n ó ń gba ènìyàn sílẹ̀.

Àwọn onímọ̀ èdè Yorùbá pẹ̀lú gbé irú ẹrù yìí fúnra wọn nígbà tí wọ́n fẹ́ máa fi Yorùbá kọ́ ẹ̀kọ́ nípa èdè àti lítíréṣọ̀. Nínú iṣẹ́ Èdè-Ìperí Yorùbá, tí ìdìpọ̀ kìíní rẹ̀ jáde ní 1984 lábẹ́ Ayọ̀ Bámgbóṣé, tí ìkejì sì tẹ̀ lé e ní 1990 lábẹ́ Ọládélé Awóbùlúyì, oríṣi ọ̀nà ni a fi rí ọ̀rọ̀. A fẹ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí ó ti wà, bí “ohùn”; a so ọ̀rọ̀ pọ̀, bí “ọ̀rọ̀-ìṣe”; a yá ọ̀rọ̀ kí ó sì wọ aṣọ Yorùbá, bí “fáwẹ̀lì” àti “kóńsónáǹtì”. Kò sí ọ̀nà tí ó jẹ́ èèwọ̀. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé kí a ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́ tí a lò ó, kí ẹni gbogbo sì fi ẹnu kò sórí rẹ̀. Ẹ̀kọ́ kan náà ni èyí jẹ́ fún onímọ̀ ẹ̀rọ, ìbáà jẹ́ Yorùbá ni ó ń kọ tàbí Òyìnbó.

5. Àmì ohùn, iye àti ìwọ̀n

Àwọn kan ka àmì ohùn sí ohun ọ̀ṣọ́ tí a lè fi sílẹ̀ bí iṣẹ́ bá ń kán ni lójú. Nínú ìwé ìtàn, òǹkàwé lè fi ìyókù ọ̀rọ̀ tọ́ ara rẹ̀ sọ́nà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìlànà tí a lẹ̀ mọ́ ara ògiri yàrá ìwádìí kan pé kí a “fọ igo naa” kí a tó lọ, láìsí àmì kankan lórí rẹ̀. Bí a bá fi àmì òkè sórí “fọ́”, a ti ní kí wọ́n fọ́ ìgò túútúú; bí kò bá sí àmì lórí “fọ”, a ní kí wọ́n fi omi ṣan án. Ọgbọ́n orí ni yóò yọ òǹkàwé níbẹ̀, kì í ṣe òǹkọ̀wé. Bákan náà ni “igba” tí kò ní àmì lè jẹ́ 200, ó lè jẹ́ ìgbà, ó lè jẹ́ igbá, ó sì lè jẹ́ igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ. Ní ti iye, nọ́ńbà tí a fi figọ̀ kọ ni ó dára jù. Ẹni tí ó bá rí 45 kò ní láti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ márùn-ún kúrò nínú àádọ́ta kí ó tó mọ ohun tí a sọ. Bí ó bá sì wù ú, ó lè kà á síta ní márùndínláàádọ́ta.

Àmì nìkan kọ́ ni ó ń dá wàhálà sílẹ̀. Ètò gbólóhùn pẹ̀lú ń dá a sílẹ̀. “Lo mẹ́ta lójúmọ́” jẹ́ gbólóhùn Yorùbá tí kò ní àléébù kankan ní ti gírámà. Ìyá àgbà kan lè gbé hóró oògùn mẹ́ta mì lẹ́ẹ̀kan náà ní àárọ̀; òmíràn lè lo ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní ìgbà mẹ́ta. Àwọn méjèèjì ṣe ohun tí ìwé wí. Bí nọ́ọ̀sì bá kọ ọ́ pé, “Lo ẹyọ kan ní àárọ̀, ẹyọ kan ní ọ̀sán, ẹyọ kan ní alẹ́,” ìwé rẹ̀ gùn sí i, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo ni a lè gbà kà á. Gígùn ìwé kọ́ ni a fi ń mọ èyí tí kò dára. Iye ọ̀nà tí a lè gbà ṣì í kà ni.

Ètò omi oníyọ̀ àti ṣúgà, tí a fi kọ́ àwọn ìyá ní ilẹ̀ Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1980 láti máa fún ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe, jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó yẹ ká kọ́gbọ́n nínú rẹ̀. Àwọn tí ó ṣètò rẹ̀ mọ̀ pé kò sí ohun ìwọ̀n mílílítà nínú ilé ìdáná. Nítorí náà, wọ́n wá ohun tí gbogbo ilé ní: ìgò bíà kan, tàbí ìgò mínírà méjì, fún nǹkan bíi 600 mílílítà omi. Ọgbọ́n ńlá ni èyí; òǹkọ̀wé ti ronú nípa òǹkàwé. Ṣùgbọ́n ibi méjì wà tí ewu fara pamọ́ sí. Èkíní ni ṣíbí. Ṣíbí iyọ̀ tí ó kún gọ́ngọ́ àti ṣíbí tí a fi ọ̀bẹ ha ojú rẹ̀ kí ó tẹ́ kò dọ́gba rárá, iyọ̀ tí ó bá sì pọ̀ jù lè pa ọmọ lára. Ọ̀rọ̀ kékeré náà, pé kí ojú ṣíbí tẹ́, ni gbogbo ìlànà náà gbára lé. Èkejì ni pé ìgò ń yí padà. Ìgò mínírà tí ó wà lọ́jà lóde òní kì í ṣe ìwọ̀n kan náà. Ti ike wà, ti gíláàsì wà, títóbi wọn kò sì bára mu. Ìwé tí ó pé ní 1985 lè ti di àbọ̀ ọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yí lẹ́tà kan padà nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí onímọ̀ kọ ohun ìlò àti ìwọ̀n rẹ̀ pọ̀, kí ó sì máa padà wo ìwé rẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà.

6. Ìkìlọ̀ tí kò dé ibi tí ó ń lọ

Kí a má baà rò pé ìṣòro yìí jẹ́ ti àwùjọ tí ìwé kò tíì pẹ́ nínú rẹ̀, ó tọ́ kí a wo Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 1979, ìjàm̀bá ṣẹlẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ amúnáwá Three Mile Island ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, tí ó ń fi agbára átọ́ọ̀mù ṣiṣẹ́. Ẹnu ihò kan tí ó yẹ kí ó padé kò padé. Omi tí ń mú ẹ̀rọ tutù ń jáde lọ. Àwọn tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ rò pé omi ti pọ̀ jù nínú ẹ̀rọ, wọ́n sì dín omi ìdóòlà tí ó ń wọlé kù. Kí wọ́n tó mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀, apá kan inú ẹ̀rọ náà ti yọ́.

Ohun tí ó kan ọ̀rọ̀ yìí ni pé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1977, irú ẹnu ihò bẹ́ẹ̀ kọ̀ láti padé ní ilé-iṣẹ́ Davis-Besse ní ìpínlẹ̀ Ohio, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sì ṣe àṣìṣe kan náà. Ṣùgbọ́n nítorí pé ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́ dé ìwọ̀n agbára rẹ̀, ewu fò wọ́n ru. Àwọn ẹnjiníà ní ilé-iṣẹ́ Babcock & Wilcox, tí ó ṣe àwọn ẹ̀rọ náà, rí ewu tí ó wà níbẹ̀. Ọ̀kan kọ ìwé sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 1977. Ó fi “bóyá” bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ó dábàá ìlànà fún àwọn òṣìṣẹ́, ó sì fi pé òun yóò fẹ́ mọ èrò wọn parí rẹ̀. Òmíràn kọ ìwé tí ó le ju èyí lọ ní oṣù Kejì 1978. Ìwé ń lọ láti tábìlì dé tábìlì fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nígbà tí ìjàm̀bá dé ní 1979, ìlànà tí wọ́n dábàá kò tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ọwọ́ wọn wà lórí ẹ̀rọ. Ìgbìmọ̀ tí Ààrẹ Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ láti wádìí ọ̀rọ̀ náà mẹ́nu ba ìwé wọ̀nyí nínú ìjábọ̀ rẹ̀ ní ọdún kan náà.

Kì yóò tọ́ láti sọ pé ìwé nìkan ni ó jẹ̀bi. Ètò ilé-iṣẹ́ náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀, nítorí pé ìwé kejì kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ṣùgbọ́n ìwé kìíní kọ́ni ní ẹ̀kọ́ kan. Yorùbá ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá. Ẹni tí ó bá ní ìkìlọ̀ ní ẹnu gbọ́dọ̀ fi ìkìlọ̀ náà ṣíwájú: ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀, ẹni tí yóò kàn, ohun tí ó yẹ kí a ṣe, àti ọjọ́ tí ó yẹ kí a ti ṣe é. Ìtẹríba nínú ọ̀rọ̀ jẹ́ ìwà tí ó dára, ní pàtàkì láàárín Yorùbá tí ọ̀dọ́ kì í là á mọ́ àgbà lójú. Síbẹ̀, a lè bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá nínú ìkíni àti nínú ọ̀nà tí a gbà pè é, kí a má sì fi ọ̀wọ̀ náà bo ewu mọ́lẹ̀ nínú kókó ọ̀rọ̀.

7. Bí a ṣe lè kọ́ onímọ̀ ní ìwé kíkọ

Ní yunifásítì ilẹ̀ Nàìjíríà, dandan ni kí akẹ́kọ̀ọ́ gbogbo ṣe ẹ̀kọ́ lórí ìlò èdè Òyìnbó, ìbáà jẹ́ ìṣègùn ni ó ń kọ́ tàbí iṣẹ́ ẹ̀rọ. Èyí dára, ṣùgbọ́n ibi méjì ni ó kù sí. Ó sábà máa ń parí ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ìmọ̀ kankan tí yóò kọ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ohun tí ó jọ ọ́ ní èdè Yorùbá, bẹ́ẹ̀ èdè yìí gan-an ni nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn àti onímọ̀ ètò omi ń fi bá àwọn tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún sọ̀rọ̀ ní Modákẹ́kẹ́, ní Ilé-Ifẹ̀ àti ní gbogbo agbègbè wọn. Wọ́n ń fi Òyìnbó kọ ìjábọ̀ fún ọ̀gá; wọ́n ń fi Yorùbá tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ wọn bí a ṣe ń tò ó sọ ohun tí ó kan ẹ̀mí fún ìyá ọmọ.

Ìrírí Modákẹ́kẹ́ tọ́ka sí ọ̀nà tí a lè gbà. Kí a so ìwé kíkọ mọ́ iṣẹ́ gan-an: kí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún tí ó kẹ́yìn kọ ojú-ìwé kan ní Yorùbá lórí ohun tí ó ṣe ìwádìí lé lórí, fún ẹni tí yóò lò ó. Kí olùkọ́ rẹ̀ nínú iṣẹ́ náà àti olùkọ́ èdè jọ yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé ojú kan kò tó. Ní ìparí, kí a gbé ìwé náà fún àgbẹ̀, ìyá ọlọ́mọ tàbí ọmọ-iṣẹ́ mẹ́káníìkì kan, kí a má sì ṣàlàyé ohunkóhun fún un. Kí a kàn máa wo ohun tí yóò ṣe. Ibi tí ó bá ti dúró, tí ó gbé ojú sókè láti béèrè ọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni àbọ̀ ọ̀rọ̀ wà. Ìdánwò yìí kò ná ni ní owó púpọ̀, kò sì sí ọ̀mọ̀wé tí ó lè bá a jiyàn.

8. Ìkádìí

Ètò ìjọba lórí èdè ìkọ́ni ti yí padà lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà tí iṣẹ́ Modákẹ́kẹ́ ti parí. Ìlànà Ẹ̀kọ́ ti Orílẹ̀-Èdè ní 1977 fi èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò sí ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí ó dé ọdún kẹfà. Ní 2025, ìjọba kan náà fagi lé e. Àríyànjiyàn náà kò tíì tán, kì í sì í ṣe ohun tí a lè yanjú níhìn-ín.

Èyí tí kò yí padà ni pé onímọ̀ yóò máa mọ ohun tí ẹlòmíràn kò mọ̀, ẹlòmíràn náà ni yóò sì ṣe é. Èdè yòówù tí ìjọba bá yàn fún ilé-ìwé, àgbẹ̀ yóò ṣì máa po oògùn, ìyá yóò ṣì máa wọn iyọ̀, òṣìṣẹ́ yóò ṣì máa dúró ti ẹ̀rọ ní òru nígbà tí ẹni tí ó kọ ìlànà rẹ̀ ń sùn. Àwọn tí ó kọ ìwé fún àwọn ọmọ Modákẹ́kẹ́ ní 1970 kò ní àpẹẹrẹ tí wọ́n lè wò, wọ́n sì kọ ọ́ dé ibi tí ọmọ lè fi kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́fà. Nítorí náà, kò sí àwáwí fún ẹni tí ó gba oyè nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ tàbí sáyẹ́ǹsì lóde òní tí kò lè kọ ojú-ìwé kan tí yóò yé aládùúgbò rẹ̀. Kò sì sí àwáwí fún ẹ̀ka ìmọ̀ èdè tí ó bá ń wò ó níran.